Abẹ tí Bọ̀dá Luke Fún Mi

Ẹ má sọ pé kí n jókòó, Bọ̀dá Luke, mi ò jókòó! Mi ò wá jókòó, mi ò wá jẹun, mi ò wá mu omi tútù. Àǹtí Tóyìn, ẹ ṣeun, ẹ gbé omi yẹn padà sínú fíríìjì, ojú mi ni kí ẹ wò. Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ bọ́ síbi fèrèsé kí ẹ lè rí i. Ṣé ojú ènìyàn rèé? Ṣé ojú tí mo gbé kúrò nílé yìí lọ́jọ́ tí ẹ ta mí lọ́rẹ abẹ rèé? Ẹ̀yin lẹ ṣe é! Kò sí ẹlòmíì tó ṣe é o, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo ń pè ní bọ̀dá láti kékeré, ẹ̀yin lẹ bà mí lójú jẹ́, tí àwọn àna mi ní Challenge fi ń wò mí bí ẹni tó wá jí ọmọ wọn gbé.

Àna mi! Ẹ ò gbọ́ mi bí? Mo ń pè wọ́n ní àna, wọn ò sì tíì gbà mí. Lánàá òde yìí ni wọ́n ní kí n dìde kúrò níwájú àwọn.

Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nítorí àwọn aládùúgbò? Kí wọ́n gbọ́! Kí gbogbo Ring Road gbọ́! Ẹni tí wọ́n bà lójú jẹ́, ṣé ẹnu rẹ̀ náà ni wọ́n tún fẹ́ dí?

Ṣebí nínú pálọ̀ yìí náà ni, lórí àga tí ẹ jókòó lé yẹn, ni mo ti sọ fún yín pé Morẹ́nikẹ́ ní kí n wá kí àwọn òbí òun. Inú yín dùn, inú èmi náà dùn. Ẹ wá fọwọ́ kan àgbọ̀n mi, ẹ ní, Dípọ̀, bọ́ǹpù yìí pọ̀ o, kílípà àwọn bábà Agbowó yẹn ló ń bà ọ́ lára jẹ́. Ẹ ní ọkùnrin tó bá ń lọ kí àna rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dán. Ẹ ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ wọ yàrá lọ, ẹ gbé àpò kékeré kan jáde, ẹ fa abẹ kan yọ nínú rẹ̀, abẹ gbọọrọ tó ń padé sínú èkù ara rẹ̀, ẹ gbé e sókè sí iná, ẹ ní abẹ àwọn bàbá ńlá wa rèé, ẹni tó bá ti lo èyí kò tún ní wo abẹ tí wọ́n ń lò dànù mọ́. Mo ní, Bọ̀dá, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ẹ ní kò le! Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu yín jáde nìyẹn, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú rẹ̀. Kò le. Ẹ kó àpò náà lé mi lọ́wọ́, ẹ ní kí n ṣáà fi ọṣẹ pa ojú, kí n máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀! Ẹ̀jẹ̀ mi ò dà díẹ̀díẹ̀ o, Bọ̀dá Luke.

Ẹ ní kí ni? Ẹ ní ṣé mo kọ́kọ́ fi omi gbóná bọ́jú? Omi gbóná wo? Ìgbà wo lẹ dárúkọ omi gbóná fún mi? Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé e sójú, omi inú dúrọ́ọ̀mù ni mo fi bọ́jú, omi tútù nini, mo fi ọṣẹ ìwẹ̀ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo wá dúró níwájú dígí, fáànù ń fẹ́ sí mi lára. Kí n tó ṣí abẹ yẹn tán, ọṣẹ ti gbẹ mọ́ mi lójú bí ẹ̀kọ tó gbẹ sára ìkòkò. Mo gbé abẹ lé e, mo fà á. Kò fá nǹkan kan! Ó ń fa irun tu ni, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń tu ìyẹ́ adìyẹ tí wọn ò tíì da omi gbóná lé lórí. Omi lé ròrò sí mi lójú. Mo dá a dúró, mo sọ fún ara mi pé abẹ yìí ti kújú.

Ẹ ní kò kújú? Ẹ ní irun mi ni kò rọ̀? Ẹ ṣeun o! Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín! Òní Sọ́ńdè lẹ ń sọ fún mi, lẹ́yìn tí Sátidé ti kọjá!

Ṣé ẹ wá mọ ohun tí mo ṣe? Kí ni wọ́n ń ṣe sí ọ̀bẹ tó kújú nílé bàbá wa? Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, síbi pèpéle símẹ́ńtì tí ìyá onílé wa ti ń pọ́n àdá, mo bu omi wọ́n ọn, mo pọ́n ọn. Mo pọ́n ọn dáadáa, apá ìhín, apá ọ̀hún, títí ọwọ́ fi ń ro mí.

Kí ló dé tí ẹ fi káwọ́ lérí? Ẹ̀yin kọ́ ló yẹ kó káwọ́ lérí, Bọ̀dá Luke, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀! Ẹ ní wọn kì í fi símẹ́ńtì pọ́n irú abẹ bẹ́ẹ̀? Ẹ ní eyín ló máa hù lẹ́nu? Ó hù ú! Ó hu eyín lóòótọ́, eyín ọ̀hún ló sì bù mí jẹ lówùúrọ̀ àná, nígbà tó ku díẹ̀ kí n jáde nílé.

Ẹ ní báwo ni mo ṣe gbé e? Báyìí! Mo gbé e dúró ṣánṣán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni fẹ́ ha iṣu sísun. Ẹ ní kò yẹ kó dúró? Ẹ ní ńṣe ló yẹ kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara? Ta lẹ sọ ọ́ fún? Ògiri lẹ sọ ọ́ fún! Ó fò, Bọ̀dá! Abẹ yẹn ò fà wálẹ̀, ńṣe ló ń fò lójú mi, tọ́, tọ́, tọ́, ibi tó bá sì ti balẹ̀ ló ń gé. Mẹ́ta lápá òsì, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn. Mo ní bóyá mi ò tẹ̀ ẹ́ tó ni, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ má sọ fún mi pé wọn kì í tẹ̀ ẹ́! Mo ti mọ̀! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti sọ ọ́ fún mi! Mo yí i sí apá ọ̀tún, mẹ́ta míì. Mo ní kí n fi í lọ sókè láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, bóyá yóò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o, ọ̀fun! Ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran! Bí kì í bá ṣe Ọlọ́run tó ní kí ọwọ́ mi má yọ̀, ìsìnkú mi lẹ̀ bá máa múra rẹ̀ lónìí.

Ṣé mo na awọ ojú kó tó? Awọ ojú wo ni n ó nà? Ọwọ́ kan di abẹ mú, ọwọ́ kejì ń nu ẹ̀jẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni n ó fi nà á ni?

Awọ? Ẹ ní níbo ni awọ wà? Awọ wo tún ni? Awọ gbọọrọ tó ká róbótó sínú àpò yẹn... Ẹ dúró ná. Ẹ dúró ná, Bọ̀dá Luke. Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bẹ́líìtì kọ́ ni?

Ẹ wo ìbàdí mi. Àǹtí Tóyìn, ẹ̀yin náà ẹ wá wò ó. Mo gbé e lọ bá ṣúmékà ní Dùgbẹ̀, ó lu ihò sí i, ó rán irin mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń fọwọ́ pa á, ó ní bọ̀dá, awọ gidi rèé o, níbo lẹ ti rà á? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi. Mo fi yín yangàn! Láàárín Dùgbẹ̀, mo fi yín yangàn! Òun ni mo dè lọ sí Challenge, òun náà ni mo dè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ yìí. Ẹ wá ń sọ fún mi nísinsìnyí pé orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbá abẹ lọ gbá a bọ̀ kó tó kan ojú? Àǹtí Tóyìn, mo bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín, kò sí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó bá fún ọmọ aráyé ní mọ́tò, ṣé kò ní fi bíréèkì hàn án ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù fún yín. Èyí tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ìpápánu ni.

Ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo nu ún títí, kò dá, àkókò sì ti ń lọ. Mo sáré jáde sẹ́yìn ilé, ewé Akíntọ́lá kún etí gọ́tà níbẹ̀, mo já a, mo ra á lọ́wọ́, mo fún omi rẹ̀ sójú egbò. Ta ni kò mọ ewé Akíntọ́lá? Ẹ̀yin gan-an lẹ máa ń fún un sí mi lórúnkún nígbà tí mo bá ṣubú nídìí bọ́ọ̀lù. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ó dá wàì! Ṣùgbọ́n omi ewé yẹn, tó bá ti gbẹ tán, dúdú ló ń dà, mi ò sì ráyè wo dígí mọ́. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, mo de bẹ́líìtì yín, mo gun kẹ̀kẹ́ márúwá, ó di Challenge.

Ẹ sì mọ irú ẹni tí bàbá Morẹ́nikẹ́ jẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀. Díákónì Gbádérọ̀, ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti sọ fún un pé ọmọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó máa béèrè pé irú kọ̀ǹpútà wo? Ọmọ yàhúù ló wà lọ́kàn wọn. Ó pẹ́ gan-an tí Morẹ́nikẹ́ ti ń ṣàlàyé fún wọn pé Dípọ̀ ń tún kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbowó ni, pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni, pé kò ní mọ́tò, pé ọmọ yàhúù wo ni kì í ní mọ́tò? Ọmọ náà jà fún mi, Bọ̀dá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí n wá ni, pé àwọn á fi ojú ara àwọn rí mi.

Ojú tí mo gbé lọ fún wọn nìyí!

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá ní kí n dìde, wọ́n fún mi lága, iná ilé ò tó nǹkan, wọn ò rí mi dáadáa. Ìyá àgbà tó bí wọn wà níbẹ̀, wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mama ní, ọmọ mi, sún mọ́ mi kí n súre fún ọ. Inú mi dùn! Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń wúre, oò ní rí ibi, oò ní ṣìnà, mo ń ṣe àmín tọkàntọkàn. Ọwọ́ yẹn rọra ń bọ̀ wálẹ̀. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó dúró. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Wọ́n fi tọ́ apá kejì. Wọ́n gbé ìka ọ̀hún sókè, wọ́n wò ó, dúdú ti yí i. Ìre dúró láàárín ọ̀nà, Bọ̀dá Luke! Mama ní, "Gbádérọ̀, gbẹ́rẹ́ rèé o! Ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sín gbẹ́rẹ́ ni, oògùn rẹ̀ ò tíì gbẹ."

Gbẹ́rẹ́! Èmi! Mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, oògùn dúdú lójú wọn! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́, bí kì í bá ṣe pé ojú tèmi ni, èmi gan-an ì bá pè é ní gbẹ́rẹ́.

Bàbá dìde. Wọ́n ní, ta ló sín in fún ọ? Kí lo fẹ́ fi ṣe, owó ni àbí ọmọ mi? Mo ní, Bàbá, irùngbọ̀n ni mo fá, abẹ ló gé mi. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù wọn sí mi lójú. Wọ́n ní, irùngbọ̀n wo? Irùngbọ̀n náà rèé níbẹ̀! Òótọ́ ni, mi ò fá a tán, ìdajì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀! Wọ́n ní abẹ tó gé ara tí kò gé irun, irú abẹ wo nìyẹn? Kí ni kí n fi fèsì? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ tíṣà, ẹ bá mi fèsì! Mo ní ewé Akíntọ́lá ni mo fi sí i, wọ́n ní àwọn onígbẹ́rẹ́ náà máa ń dárúkọ ewé. Gbogbo ohun tí mo bá sọ ló ń dá mi lẹ́bi.

Morẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé tíréè dání. Ó kàn ń wò mí. Nígbà tí mo délé ló fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, ó ní, Dípọ̀, jọ̀ọ́, sọ òótọ́ fún mi. Bọ̀dá, ìyẹn ló dùn mí ju abẹ lọ. Ọmọ tó ti jà fún mi tó bẹ́ẹ̀, abẹ yín ló mú un ṣiyèméjì. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín, omijé ń ta mí lójú egbò, mo ṣì ń sunkún. Mi ò fẹ́ ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kó yé yín, mi ò fẹ́ ẹlòmíì láyé yìí.

Èyí tí mo wá bá yín sọ nìyí o. Díákónì ní, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹnìkan fún mi ní abẹ, kí ẹni náà gbé e wá, kó fá irùngbọ̀n tirẹ̀ lójú àwọn, kí àwọn rí i pé irú abẹ bẹ́ẹ̀ ń bẹ láyé. Òní yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá wá, kí n má tẹ ẹnu ọ̀nà àwọn mọ́, kí n sì pa nọ́ḿbà Morẹ́nikẹ́ rẹ́.

Ẹ ní ẹ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin? Ìpàdé! Ẹ ní kí n mú bábà kan lọ? Wọn ò sọ pé bábà! Mo ti dárúkọ yín, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, Luke, tíṣà, ó ti ń lo abẹ yìí ọjọ́ ti pẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti...

Kí ló dé tí ọwọ́ yín ò kúrò ní irùngbọ̀n yín?

Rárá, ẹ má gbé ọwọ́ kúrò báyìí, mo ti rí i. Láti ìgbà tí mo ti wọlé lẹ ti ń fọwọ́ pa á. Irùngbọ̀n tó kún tó kànǹkàn báyìí, tí ẹ ń fi òróró ra, tí ẹ ní kóòmù ọ̀tọ̀ fún... Bọ̀dá Luke, ìgbà wo lẹ fá a kẹ́yìn? Ẹ wò mí lójú. Àǹtí Tóyìn, ẹ̀yin lẹ ń bá wọn gbélé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rí abẹ yẹn lójú wọn rí?

Kò kàn án rí? Rí rárá?

Fídíò? Ẹ ní fídíò lẹ ti wò ó? Gbogbo omi gbóná, awọ nínà, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí ẹ ti ń bi mí bí ọ̀gá dókítà láti ìgbà tí mo ti dé, orí fóònù lẹ ti rí i? Ẹ ra abẹ, ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù bà yín, ẹ wá gbé e fún èmi ọmọ ọlọ́mọ! Ojú tèmi lẹ fẹ́ fi dán an wò! Ẹ̀yin àgbà! Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun kò kàn wọ́, ẹ tún gbé abẹ lé e!

Háà! Hàhà! Yéè, ojú mi! Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, ó ń ta mí. Àǹtí Tóyìn, ẹ wo ojú ọkọ yín! Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wo abẹ tí mo gbé wá yìí bí ewúrẹ́ tó rí alápatà!

Ó dáa. Inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Ẹ dìde, Bọ̀dá. Ẹ̀ ń lọ. Bí ọwọ́ yín bá dá a, tí ojú yín dán, Díákónì á mọ̀ pé abẹ ni lóòótọ́, pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Bó bá sì gé yín bó ṣe gé mi, mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, ìyẹn ló tún dára jù, wọ́n á rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Èyí ó wù kó jẹ́, mo gba ìyàwó mi. Rárá, ẹ ò lè gé díẹ̀ lára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ fi kóòmù yà á fún ìgbà ìkẹyìn, ẹ kí i pé ó dìgbà. Bẹ́líìtì yín rèé, mo ti tú u, ẹ fi gbá abẹ yín lọ́nà, ẹ ṣọ́ra fún ihò rẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń dúró dè wá níta.

Ẹ sì má bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀. Mo ti já ewé Akíntọ́lá tiyín dání, ó wà nínú àpò mi.